Ogun Àgídìngbì: Bí A Ṣe Múra Ogun Ojú Omi De Èkó ní Ọdún 1851

Ọdún tún yí po, ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa tún jáde, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè tí ó jẹ́ kí á tún rí ara wa lójú ìwé. Àwọn àgbà ni ó wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ni ẹgbẹ́ wa í ṣe láàárín àwùjọ; nítorí náà ni a fi fẹ́ wo ẹ̀yìn díẹ̀ nínú ìwé ti ọdún yìí.

Bí ènìyàn bá dúró ní etí omi ní Bàrígà, tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ọ̀sà ni yóò rí tí ó tẹ́ lọ salalu níwájú rẹ̀. Afárá gígùn tí a parí ní ọdún 1990 ni ó la ojú omi náà kọjá lónìí, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn sì ń dẹ àwọ̀n wọn sí i lówùúrọ̀ lálẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa rò pé ẹja àti iyanrìn nìkan ni omi náà wà fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀nà ogun ni ọ̀sà yìí jẹ́ rí. Orí omi ni a gbà gba Èkó lọ́wọ́ ọba rẹ̀ ní ọdún 1851, nínú ogun tí àwọn baba wa sọ ní Àgídìngbì nítorí bí ìró àgbá ṣe ń dún gìdìgbì-gìdìgbì létí wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àdúgbò Àgídìngbì ti Ìkẹjà ni a ń wí. Orúkọ ogun ni ó jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ wa yìí.

Irú Ogun Tí Ó Jẹ́

Ogun tí a gba ojú omi gbé lọ bá ìlú yàtọ̀ gédégédé sí ogun orí ilẹ̀. Jagunjagun orí ilẹ̀, bí ogun bá le, lè sá padà sínú igbó. Ẹni tí ó bá ti inú ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí èbúté ọ̀tá, omi ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìbọn ni ó wà níwájú rẹ̀. Bí kò bá ti múra kí ó tó kúrò nílé, kò tún sí ibi tí yóò ti múra mọ́.

Ọkọ̀ tí yóò gbé e gúnlẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú omi jìn púpọ̀, kí ó má baà há sórí iyanrìn. Kò sì gbọdọ̀ fúyẹ́ jù, kí ìgbì má baà dà á nù. Ọkọ̀ ńlá tí ó ní àgbá gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn, kí ó máa fi ọta da àwọn ọ̀tá láàmú títí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ kékeré yóò fi fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹni tí ó mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí kò jìn gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ iwájú. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn gúnlẹ̀ sí Normandy ní ilẹ̀ Faransé láti bá Jámánì jà, àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n kó lọ ní ọjọ́ kan náà lé ní 150,000, ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ sì gbà wọ́n ju ọdún kan lọ. Ogun ti Èkó kéré púpọ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni wọ́n fi jà á. Ohun tí a sì fẹ́ fi hàn ni pé ìmúrasílẹ̀ ni ó jẹ ìṣẹ́gun náà, àti pé kì í ṣe inú ọkọ̀ òyìnbó nìkan ni a ti ṣe ìmúrasílẹ̀ ọ̀hún. Inú ilé àwa fúnra wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjà Inú Ilé

Ní ọdún 1841 ni Akítóyè jọba Èkó. Kòsọ́kọ́, ọmọ Oṣìnlókun, tí í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n Akítóyè, kò sí nílé. Ìjà oyè ti lé e kúrò ní ìlú. Akítóyè ránṣẹ́ pè é padà wálé, ó sì fi í jẹ Ọlọ́jà Ẹrẹ́kọ́, kí ìdílé ọba lè wà ní ìrẹ́pọ̀. Ẹlẹ́tù Òdìbò kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ìjà àtijọ́ tí ó wà láàárín òun àti Kòsọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọba kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, Kòsọ́kọ́ dìde sí àbúrò baba tí ó pè é wálé. Ní ọdún 1845 ni wọ́n ja ogun tí a ń pè ní Ogun Olómirò, ìlú sì ṣubú sí ọwọ́ Kòsọ́kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan apá ọ̀dọ̀ wa nìyí. Nígbà tí ọ̀nà gbogbo dí mọ́ Akítóyè, ọkọ̀ ni ó wọ̀. Ó gba orí ọ̀sà lọ sí apá àríwá, ní ojú omi tí Bàrígà àti Òwòròǹṣòkí kọjú sí, títí ó fi dé ẹnu omi Àgbóyì. Òṣòdì Tápà, tí í ṣe olórí àwọn jagunjagun Kòsọ́kọ́, bá a níbẹ̀. Ó lè pa á. Ṣùgbọ́n ó yẹ́ ẹ sí gẹ́gẹ́ bí ọba, ó sì jẹ́ kí ó kọjá. Akítóyè lọ sí Abẹ́òkúta, láti ibẹ̀ ni ó sì ti lọ sí Àgbádárìgì. Bí a bá ń sọ ìtàn ogun, ó yẹ kí á máa ka irú ìwà báyìí mọ́ ọn, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ pé àwọn baba wa ní àánú àní nínú ìbínú.

Ní Àgbádárìgì, Akítóyè kọ ìwé sí John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun wa. Ó ní kí wọ́n gbé òun padà sórí oyè, òun yóò sì fi òpin sí òwò ẹrú. Òwò ẹrú ni ó mú Èkó lówó lọ́wọ́ nígbà náà. A kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pa mọ́. Láti Èkó ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ Yorùbá lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà. Àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ C.M.S. tí wọ́n wà ní Abẹ́òkúta àti Àgbádárìgì ń bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n ran Akítóyè lọ́wọ́. Samuel Ajayi Crowther fúnra rẹ̀, tí òwò náà ti gbé lọ rí, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1851, ó sì rí Lord Palmerston àti Ọbabìnrin Victoria. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní tiwọn lọ́kàn: epo pupa ni wọ́n ń wá, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀nà rẹ̀ ṣí. Báyìí ni ẹ̀sìn, àánú àti ọjà ṣe jùmọ̀ wọ ọkọ̀ kan náà.

Ìmúrasílẹ̀ Kòsọ́kọ́

Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Kòsọ́kọ́ jókòó lásán títí òyìnbó fi wá bá a. Irọ́ ni. Akin ni ọkùnrin náà, ó sì mọ ohun tí ń bọ̀. Ó gbẹ́ yàrà sí etí omi, ó sì mọ odi erùpẹ̀ lé e, kí àwọn ẹlẹ́tù rẹ̀ lè fi ara pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ máa yìnbọn. Ó to àgbá sí àwọn ibi tí ọkọ̀ lè gbà súnmọ́ ìlú. Ní ibi tí omi kò jìn, tí ọkọ̀ kékeré lè ti gúnlẹ̀, ó ri èèkàn ńláńlá mọ́ inú omi, kí ọkọ̀ tí ó bá fi agídí wọlé lè há sí i, kí ó sì di ohun tí àwọn oníbọn yóò máa ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òṣòdì Tápà ni olórí ogun rẹ̀, àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ sì pọ̀ lọ bí eṣú.

Olúrànlọ́wọ́ kan tún wà fún un tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún, èyí nì ni omi Èkó fúnra rẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi òkúta sí ẹnu òkun Èkó ní ọdún 1908, òkìtì iyanrìn abẹ́ omi ni ó dí ẹnu ọ̀nà náà. Ìgbì a máa dìde níbẹ̀ bí òkè, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó sì ti dànù síbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá rárá. Ẹni tí ó bá kọjá tán yóò tún bá ojú omi tí ó ń yí padà, iyanrìn lónìí, ibú lọ́la. Ẹni tí a bí sí etí omi ni ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá bi àwọn apẹja Bàrígà lónìí, wọn yóò sọ fún yín pé a kì í fi ojú lásán mọ ìjìn ọ̀sà.

Ìjà Oṣù Kọkànlá

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, Beecroft lọ bá Kòsọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí ó wá fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí ó sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Kòsọ́kọ́ kọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà ni Beecroft àti Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun kan, kó ọkọ̀ kéékèèké tí àwọn atukọ̀ ń fi àjẹ̀ wà, tí ọkọ̀ oníná Bloodhound sì ṣáájú wọn, wọ inú ọ̀sà lọ. Àsíá funfun ni wọ́n ta, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni àwọn bá wá. Ó dà bí ẹni pé wọ́n rò pé bí Kòsọ́kọ́ bá ti rí èéfín ọkọ̀, jìnnìjìnnì yóò bò ó, kò sì ní sí ìjà.

Àsíá funfun pẹ̀lú àgbá nínú ọkọ̀! Ta ni yóò gbà á gbọ́? Àwọn ará Èkó da ìbọn bò wọ́n. Bloodhound há sórí iyanrìn. Àwọn tí ó sọ̀kalẹ̀ sí èbúté finá sí ilé díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ àárín ìlú, wọ́n rí i pé ojú ọ̀nà há, ìbọn sì ń ti ọ̀tún ti òsì wá. Wọ́n padà sínú ọkọ̀ wọn pẹ̀lú òkú àti ẹni tí ó gbọgbẹ́, wọ́n sì jáde kúrò nínú ọ̀sà. Ìlú yọ̀ ní ọjọ́ náà. Ó sì tọ́ kí ó yọ̀, nítorí pé ẹni tí ó múra ni ó borí ẹni tí kò múra.

Ohun Tí Wọ́n Fi Oṣù Kan Tún Ṣe

Ẹ̀kọ́ tí ó ga jùlọ nínú ìtàn yìí wà nínú oṣù kan tí ó tẹ̀lé ìjà náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fi ìtìjú jókòó, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tún padà wá bí wọ́n ti wá tẹ́lẹ̀. Bruce, ọ̀gá àgbà gbogbo ọkọ̀ ogun wọn ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, gba ọ̀ràn náà sí ọwọ́ ara rẹ̀.

Ohun èkíní tí wọ́n tún ṣe ni ọkọ̀. Wọ́n mú ọkọ̀ ńlá méjì tí ń fi ẹ̀rọ oníná rìn wá, Penelope àti Sampson. Àwọn méjèèjì tóbi ju ẹnu òkun lọ. Nítorí náà wọ́n dúró sí ojú agbami, wọ́n sì kó àwọn ọmọ-ogun, àgbá kéékèèké, ẹ̀tù àti ọta láti inú wọn sínú ọkọ̀ kékeré tí ó lè kọjá òkìtì iyanrìn. Wọ́n fi ọkọ̀ oníná kékeré kan, Teazer, kún Bloodhound, kí ó má baà jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ni yóò máa gba gbogbo ọta. Ọkọ̀ oníná méjì nínú ọ̀sà, agbo ọkọ̀ kékeré ní àyíká wọn: èyí ni ohun tí wọ́n fi gba Èkó.

Ohun èkejì ni irú ohun ìjà. Wọ́n kó rọ́kẹ́ẹ̀tì wá, ohun oníná tí a ń yìn láti inú ọkọ̀ kékeré, tí ó ń fò lọ bí ẹyẹ, tí ó sì ń finá sí orí òrùlé. Èkó ìgbà náà, ilé alámọ̀ tí a fi koríko bò ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn ilé sì fara ti ara wọn. Yàrà Kòsọ́kọ́ lè gba ọta dúró. Kò sí yàrà tí ó lè gba iná dúró lójú ọ̀run.

Ohun ẹ̀kẹta ni àwọn ènìyàn. Wọ́n mú Akítóyè wá láti Àgbádárìgì pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e, wọ́n sì fi aṣọ funfun sí wọn lọ́rùn kí àwọn atukọ̀ lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn ti Kòsọ́kọ́. Ẹ ro ọ̀rọ̀ aṣọ funfun yìí dáadáa. Ọmọ Èkó ni àwọn tí ó so ó mọ́rùn, ọmọ Èkó ni àwọn tí kò so ó. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ilà kan náà ni wọ́n kọ, orí omi kan náà ni wọ́n ti dàgbà. Bí kò bá sí aṣọ yẹn, àlejò kò lè mọ èwo ni ọ̀tá òun.

Ọjọ́ Mẹ́ta Àgídìngbì

Ní àsìkò Kérésìmesì ni wọ́n kọjá òkìtì iyanrìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá, tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, ìjà bẹ̀rẹ̀. Omi Èkó tún gbìyànjú láti gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀: Bloodhound há sórí iyanrìn, Teazer náà sì há. Ibi tí Teazer há sí burú, nítorí pé àgbá Kòsọ́kọ́ kọjú sí i tààrà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí i pé bí a kò bá gba àwọn àgbá náà, ọkọ̀ náà yóò fọ́ túútúú. Ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Lyster kó àwọn ènìyàn sínú ọkọ̀ kékeré, ó sì mú wọn sọ̀kalẹ̀ sí èbúté lójú ìbọn. Wọ́n dé ibi àwọn àgbá, wọ́n sì kan ìṣó dí ihò tí iná ń gbà wọ inú wọn, tí wọn kò fi lè dún mọ́.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń padà bọ̀, àwọn ọmọ-ogun Kòsọ́kọ́ ti yí dé etí omi, wọ́n sì ti gba ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni ìjà ti gbóná jùlọ. Etí omi náà pupa. Ẹ rántí ohun tí a ti sọ pé omi ni ó máa ń wà lẹ́yìn ẹni tí ó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ ọ̀tá. Nínú gbogbo ogun náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú tó 15 tàbí kí ó lé díẹ̀, àwọn tí ó gbọgbẹ́ tó 75. Ìyà tí ó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ sì jẹ wọ́n ní ọjọ́ kìíní yìí. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ojo ni ó wà nínú yàrà Èkó.

Teazer bọ́ kúrò lórí iyanrìn. Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ méjèèjì jùmọ̀ kọjú sí ìlú, àwọn ọkọ̀ kékeré sì ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná ràn mọ́ òrùlé kan, ó ràn mọ́ èkejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà iná dé ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù pamọ́ sí, ó sì bú gbàmù débi pé ilẹ̀ mì. Láti ìgbà náà lọ kò sí ẹni tí ó lè pa iná náà mọ́. Ní òru, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ọkọ̀, wọ́n sì gba orí ọ̀sà lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n tẹ̀dó sí níkẹyìn. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi mọ́, ìlú dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n mú Akítóyè wọlé, ó sì gorí oyè padà lórí eérú.

Orúkọ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ wà nínú ìwé títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́mọ tí iná lé jáde kúrò nílé, àwọn arúgbó tí a gbé sínú ọkọ̀ lóru, àwọn ọmọ tí kò rí ìyá wọn mọ́, omi nìkan ni ó mọ orúkọ wọn.

Ohun Tí Ó Ti Ibẹ̀ Jáde

Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1852, Akítóyè fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn nínú ọkọ̀ Penelope. Òwò ẹrú parí lábẹ́ òfin, ọ̀nà òwò mìíràn ṣí, a sì fún àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní àyè láti wàásù. Ohun rere ni pé òwò ẹrú parí. Ẹni tí ó bá sọ pé kò dára kò mọ ohun tí ojú àwọn ìyá wa rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ẹlòmíràn gba ilé rẹ̀ padà, ọwọ́ náà kì í tètè kúrò lórí kọ́kọ́rọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, kò tíì tó ọdún mẹ́wàá, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Prometheus nínú ọ̀sà. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1960, ẹlòmíràn ni ó ń ṣe olórí fún wa.

Ohun kan tún ti inú ogun yìí jáde tí ó dé ẹnu ọ̀nà wa ní Bàrígà. Nínú ọkọ̀ Bloodhound ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ James Pinson Labulo Davies. Ọmọ Yorùbá ni, ọmọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òwò ẹrú. Ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí i, ó sì ti di ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Ìbọn Èkó bà á ní ọjọ́ ogun náà, ṣùgbọ́n kò pa á. Ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó wá gbé Èkó, ó sì di oníṣòwò ńlá. Ní ọdún 1859, nígbà tí Babington Macaulay fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀, Davies ni ó gbé £50 kalẹ̀ fún ìwé àti ohun èlò. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni C.M.S. Grammar School, tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 1959, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ní erékùṣù Èkó, a gbé e wá sí Bàrígà, ibẹ̀ ni ó sì wà di òní.

Ẹ wo bí ayé ti rí. Ọmọ tí òwò ẹrú ì bá jẹ run di ẹni tí ń bá àlejò yìnbọn sí ìlú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọwọ́ tí ó sì bá wọn yìnbọn náà ni ó gbé owó ìwé kalẹ̀. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ kò lè fi ẹnu kan ṣoṣo sọ ìtàn báyìí. A gbọ́dọ̀ sọ ti iná, kí á sì sọ ti ìwé.

Nígbà Tí Èkó Di Èbúté Ogun

Ní ọdún 1967, ojú omi Èkó tún rí ogun, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe Èkó ni a gbógun wá bá. Láti Èkó ni ogun ti gbéra. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó tiwa sílẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kan náà ni Biafra ní òun yapa. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ogun bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ gba Bonny, nítorí pé ibẹ̀ ni epo rọ̀bì ń gbà jáde, ibẹ̀ sì ni ẹnu ọ̀nà omi tí ó lọ sí Pọ́tákọ̀. Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a bí ní Kàdúná, ni ó kó àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀. Joseph Edet Akinwale Wey, tí a bí ní Kàlàbá, ni olórí àwọn ọmọ-ogun ojú omi.

Àwọn ọmọ-ogun náà kò tíì ja irú ogun bẹ́ẹ̀ rí, ohun èlò tí ó wà nílẹ̀ kò sì pọ̀. Ọkọ̀ ogun NNS Nigeria ni ó ní àgbá ńlá. NNS Lokoja ni ọkọ̀ tí a ṣe fún gígúnlẹ̀: ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ, iwájú rẹ̀ a sì máa ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn kí ọmọ-ogun àti ọkọ̀ ilẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ sórí iyanrìn, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò nínú ogun Hitler ni. Ní nǹkan bí ọjọ́ 25 sí 26 oṣù keje ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Bonny. Ní oṣù kẹwàá wọ́n tún gúnlẹ̀ sí Kàlàbá. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun náà ni a wá mọ̀ sí Third Marine Commando.

Ẹ̀yin òǹkàwé yóò rí i pé ìlànà 1851 kò yí padà: àgbá láti inú ọkọ̀ ńlá, ènìyàn nínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ, àti ẹni tí ó mọ omi níwájú. Ìyà tí ó ń tẹ̀lé e kò yí padà pẹ̀lú. Nígbà tí a ti dí gbogbo ẹnu òkun apá ìlà-oòrùn, ebi wọlé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wẹ́wẹ́ ni ó sì kú kí ogun tó parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970. Àwọn ènìyàn láti apá ibẹ̀ ń bá wa gbé Ṣómólú àti Bàrígà lónìí, a jọ ń ná ọjà, àwọn ọmọ wa sì jọ ń jókòó sórí àga kan ní ilé-ẹ̀kọ́. A kò gbọdọ̀ sọ ìtàn ìṣẹ́gun wọ̀nyí ní ọ̀nà tí yóò tún egbò aládùúgbò wa ṣe.

Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kù fún Wa

Èkíní, ẹni tí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, kí ó lọ wádìí ohun tí ó fà á. Oṣù kan ni àwọn tí ó sá ní oṣù kọkànlá fi tún ara wọn ṣe, tí wọ́n fi borí ní oṣù kejìlá. Bí ìwéwèé ẹgbẹ́ wa kan bá kùnà lọ́dún yìí, kì í ṣe ariwo ni ó yẹ kí á fi ọdún tí ń bọ̀ pa. Ẹ jẹ́ kí á ka ọkọ̀ wa, kí á ka ènìyàn wa, kí á sì wọn ìjìn omi.

Èkejì, kí á máa bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ àwọn tí ó mọ ilẹ̀ àti omi. Àwọn apẹja wa ní etí ọ̀sà ní ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Bí a bá fẹ́ tún etí omi ṣe, bí a bá fẹ́ la ojú àgbàrá, àwọn ni kí á kọ́kọ́ bi léèrè.

Ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ òpin ọ̀rọ̀ wa. Yàrà Kòsọ́kọ́ jìn, èèkàn rẹ̀ le, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì láyà. Òkìtì iyanrìn ń ṣọ́ ẹnu òkun fún un lọ́sàn-án lóru. Síbẹ̀ ogun wọlé. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó jó òrùlé, ṣùgbọ́n ibi tí òyìnbó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ni àárín ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò baba rẹ̀, ní ọdún 1845, nígbà tí ọkọ̀ Akítóyè forí lé Àgbóyì. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi, ẹ jẹ́ kí á máa fi amọ̀ dí ibi tí ògiri wa bá ti fẹ́ lanu, kí ó tó di ohun tí àlejò yóò máa fi ọkọ̀ wá wò.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ọ̀sà wa máa jẹ́ ọ̀nà ẹja àti ọ̀nà ọjà, kí ó má tún jẹ́ ọ̀nà ogun mọ́ o.